Ariwo Madrid, Àyà Àkúrẹ́

Ní alẹ́ tí Real Madrid bá ń bá Barcelona wọ̀yá ìjà, etí ni ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ fi ń kọ́kọ́ rí gólì. Ẹni tó ń fi fóònù wò ó nílé rẹ̀ ní Ìjàpò ṣì ń rí bọ́ọ̀lù ní àárín pápá nígbà tí igbe "Góóòlù!" bá bẹ́ jáde láti ilé ìwòran kan lọ́nà ọ̀hún. Kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀. Àwòrán tó ń ti Sípéènì bọ̀ gbọ́dọ̀ gòkè lọ bá sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 36,000 kìlómítà sókè, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú àwo DStv. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ yẹn nìkan gbà tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun tó ń fa ìdádúró gan-an ni àwọn ẹ̀rọ tó ń di àwòrán náà pọ̀ lọ́hùn-ún àti èyí tó ń tú u níhìn-ín, iṣẹ́ wọn sì lè gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Ti ẹni tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tún máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbe ènìyàn ní tirẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 350 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ooru tiwa. Ilé ìwòran tó wà ní kìlómítà kan sí yín lè fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta péré sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n, kí fóònù yín tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹni tó gbọ́ igbe náà. Kò tíì rí gólì, kò tilẹ̀ mọ ẹgbẹ́ tó gbá a wọlé, síbẹ̀ àyà rẹ̀ ti já, ara rẹ̀ ti gbọ̀n, ó ti fò dìde lórí àga. Igbe àwọn ẹlòmíràn ló ṣe gbogbo ìyẹn sí i. Bí òǹwòran bá pé jọ, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń súfèé, tí wọ́n ń lùlù, agbára kan wà nínú ohun tí wọ́n ń ṣe tó ń wọnú ara lọ, àwọn onímọ̀ sì ti fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Ní Sípéènì, agbára yẹn ń ba agbábọ́ọ̀lù, ó ń ba rẹfirí, ó sì ń ba òǹwòran fúnra rẹ̀. Ní Arákàlẹ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí ní Yaba ní ìlú Oǹdó, àwa tí a wà nínú yàrá nìkan ló ń bà. Ìdí nìyí tí mo fi kà á mọ́ ọ̀rọ̀ ìlera, tí mo sì fi ya orí kan gbáko sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé yìí.

Bí wọ́n ṣe ń wò ó lọ́hùn-ún

Ẹni tó bá rò pé ariwo ìdùnnú nìkan ló wà ní pápá ìṣeré Sípéènì kò tíì gbọ́ Santiago Bernabéu, pápá Real Madrid, ní alẹ́ tí inú kò dùn. Àwọn ará Madrid á jókòó, wọ́n á máa fi eyín pa èso òdòdó-oòrùn yíyan jẹ, wọ́n á máa tu èèpo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì máa wo eré bí àgbà tó ń gbẹ́jọ́. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ṣe ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á súfèé sí i, ìbáà jẹ́ ìràwọ̀ ẹgbẹ́ tiwọn. Èébú ni súfèé lọ́dọ̀ wọn. Bí ìbínú bá wá kún, wọ́n á fa áńkáṣíìfù funfun yọ, wọ́n á máa jù ú fìrìfìrì lójú àwọn olórí ẹgbẹ́.

Ti ìlú Seville yàtọ̀. Ní pápá Ramón Sánchez-Pizjuán ti ẹgbẹ́ Sevilla, gbogbo èrò ló ń fi ẹnu lásán kọ orin ẹgbẹ́ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, láìsí ohun èlò orin kankan lẹ́yìn wọn, àwọn ará Betis tó wà ní apá kejì ìlú náà kì í sì í fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ bó tilẹ̀ ń pàdánù. Ní Bilbao, ẹgbẹ́ Athletic kì í lo agbábọ́ọ̀lù tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ àwọn Basque, yálà wọ́n bí i síbẹ̀ tàbí ibẹ̀ ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Iñaki Williams, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Gánà wá, ọmọ tí wọ́n bí ní Bilbao ni. Nítorí náà ọmọ ilé ni wọ́n ń pariwo fún ní San Mamés, pápá wọn. A óò padà dé orí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí a bá dé Àkúrẹ́.

Òǹwòran wọn tún ń fi ẹnu ṣe ìrántí òkú. Bí eré bá pé ìṣẹ́jú keje ní Bernabéu, wọ́n á ké pe Juanito, ẹni tó wọ aṣọ nọ́ńbà 7 fún Real Madrid, tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1992. Ní ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún, àwọn ará Sevilla a máa ké pe Antonio Puerta. Ọmọ ọdún 22 ni Puerta nígbà tó ṣubú lórí pápá níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Getafe ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú. Ẹni tó dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí Samuel Okwaraji, tó ṣubú ní pápá ìṣeré Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 nígbà tí Nàìjíríà ń kojú Àǹgólà. Ọkàn tirẹ̀ náà ni. A máa ń sunkún àwọn tó ṣubú lórí pápá, àmọ́ ọkàn àwọn tó wà lórí àga kì í wá sí wa lọ́kàn.

Ìlù sì wà, ó ní iṣẹ́ tí ojú kì í tètè rí. Láti ẹ̀yìn òpó gólì kan dé ẹ̀yìn ìkejì, bí a bá ka àwọn àga òǹwòran mọ́ ọn, ó lè tó mítà 170. Ohùn á fi nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá rìn ín. Bí àwọn tó wà ní gúúsù bá bẹ̀rẹ̀ orin, tí àwọn tó wà ní àríwá sì ń fi etí tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yìn ni wọn yóò máa wà títí, orin á sì fọ́. Ìdí nìyí tí àwọn aṣáájú orin fi máa ń kóra jọ sẹ́yìn òpó gólì kan ṣoṣo, tí ọ̀kan nínú wọn á kọ ẹ̀yìn sí pápá, tí á gbé gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí ìlù á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó jìnnà á máa wo àtẹ́wọ́ wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ kì í pẹ́ lọ́nà bí ohùn.

Onílù tó lókìkí jù lọ ní Sípéènì ni Manuel Cáceres, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Manolo el del Bombo. Láti ìgbà ìdíje Ife Àgbáyé ọdún 1982 tó wáyé ní ilẹ̀ wọn ló ti ń gbé ìlù ńlá tẹ̀ lé ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ káàkiri ayé. Ó ní ilé ọtí kan nítòsí pápá Mestalla ní Valencia. Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ní ẹni ọdún 76. Ará Oǹdó tó ti tẹ̀ lé èrò ọdún Ògún tàbí ti Ẹ̀kìmògún rí mọ̀ ọ́n lára ohun tí Manolo ń ṣe: ìlù á mú ẹsẹ̀ bá ẹsẹ̀ mu, kí ẹni tó ni ẹsẹ̀ tó rò ó.

Nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tiwa, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní fíúìn sẹ́ńtà, a kò nílò onílù. Yàrá tó gùn ní mítà 15, ohùn á la á já kó tó pé ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Etí kò lè ya ohùn tó wà níwájú sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹ̀yìn láàárín àkókò yẹn. Igbe ọgọ́rùn-ún ènìyàn á di igbe kan. Páànù tó wà lókè àti bíríkì tó yí yàrá ká kì í gba ohùn mì, ńṣe ni wọ́n ń dá a padà. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn lábẹ́ páànù ní Ṣàbó, Oǹdó, lè wọ ara yín lọ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà ní gbangba lọ.

Ẹ fi sípíkà kún un, ẹ fi jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn ògiri kún un. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera òṣìṣẹ́ gbà ni pé etí lè fara da ariwo tó wọn dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3 lé sí i, àkókò yẹn á pín sí méjì. Bó bá fi máa tó 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Eré bọ́ọ̀lù kan jẹ́ ìṣẹ́jú 90. Bí etí yín bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ délé, apá kan nínú àwọn irun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbóhùn nínú etí ti fara gbá a, àwọn tó bá sì kú nínú wọn kì í hù padà. Ẹ má jókòó sí ìdí sípíkà. Ẹni tó ni ilé ìwòran náà lè gbé sípíkà sókè, kó kọjú rẹ̀ sí àárín yàrá. Kò ní ná an ní nǹkankan.

Ohun tí ọkàn ń ṣe

Abúlé kan wà ní àríwá Sípéènì tó ń jẹ́ San Pedro Manrique. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà lọ́dọọdún, àwọn ọmọ abúlé náà ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹyin iná, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì pọn èèyàn wọn sẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ kan lọ síbẹ̀, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ àyà àwọn tó ń rìn lórí iná, àwọn ìbátan wọn tó jókòó tó ń wò wọ́n, àti àwọn àlejò tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2011. Ọkàn ìbátan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń lù bá ti ẹni tó ń tẹ iná mu, ó ń yára nígbà tí tiẹ̀ yára, ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí tiẹ̀ rọlẹ̀. Ti àlejò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú kan náà ni gbogbo wọn fi wò ó. Ẹni tó ní èèyàn nínú iná náà nìkan ni ọkàn rẹ̀ bá a lọ.

Ìwádìí yẹn ni mo máa ń rò bí mo bá rí ẹni tó wọ aṣọ Barcelona ní ẹnu ọ̀nà gúúsù FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́. Kò tíì dé Catalonia tí Barcelona wà rí, síbẹ̀ ó ti sọ àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ di èèyàn rẹ̀, ara rẹ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Finidi George gbá bọ́ọ̀lù fún Betis, Emmanuel Amuneke wà ní Barcelona, Mutiu Adepoju gbá a fún Racing Santander àti Real Sociedad, Rashidi Yekini dé Gijón, Asisat Oshoala sì gba ife Yúróòpù pẹ̀lú àwọn obìnrin Barcelona lọ́dún 2021. A ti ní èèyàn nínú iná yẹn tipẹ́.

Nígbà tí Sípéènì àti Netherlands pàdé nínú àṣekágbá Ife Àgbáyé ní Soccer City, Johannesburg, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2010, àwọn onímọ̀ gba itọ́ 50 alátìlẹyìn Sípéènì tó ń wo eré náà ní tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rí i pé hòmóònù kọ́tísọ́ọ̀lù àti tẹ́sítọ́sítẹ́róònù wọn ga ju ti ọjọ́ tí kò sí eré lọ. Kọ́tísọ́ọ̀lù ni ara ń tú jáde nígbà tó bá rò pé ohun pàtàkì kan wà nínú ewu. Ti àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jù ló ga jù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà ní Johannesburg. Ojú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n wà, bíi tiwa.

Èyí tó yẹ kó ká wa lára jù lọ ni ti ìlú Munich. Láàárín oṣù tí Jámánì gbàlejò Ife Àgbáyé ọdún 2006, àwọn dókítà ka iye àwọn tí àìsàn ọkàn pàjáwìrì kọlù ní ìlú náà àti àyíká rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Jámánì bá ń gbá bọ́ọ̀lù, iye wọn fi ìlọ́po 2.66 ju ti ọjọ́ lásán lọ. Ti ọkùnrin ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ti ẹni tí dókítà ti sọ fún tẹ́lẹ̀ pé òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti dí tó ìlọ́po mẹ́rin. Láàárín wákàtí méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Àwa náà rí i ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Nàìjíríà ń bá South Africa gbá ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Ife Áfíríkà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. A ti ń fi góòlù kan léwájú. Victor Osimhen gbá ìkejì wọlé, gbogbo ilé ìwòran Nàìjíríà hó. Rẹfirí lọ wo ẹ̀rọ, ó fagi lé gólì náà, ó sì fún South Africa ní pẹ́nárítì tí wọ́n fi dọ́gba. Ayọ̀ di ìpayà láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ni àfikún àkókò àti pẹ́nárítì tí a fi borí. Ìwé ìròyìn gbé e jáde ní ọjọ́ kejì pé àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ṣubú níbi tí wọ́n ti ń wò ó, wọ́n sì gbabẹ̀ kú.

Bí ìpayà bá dé, ara á tú adrẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á yára, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ìfúnpá á gòkè. Ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ lè fara da èyí. Ẹni tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú, ìfúnpá yẹn lè ya ọ̀rá náà, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, ọ̀nà á sì dí. Ní Nàìjíríà, bí ẹni mẹ́ta nínú àgbàlagbà mẹ́wàá ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀, nítorí kì í dunni. Nínú ilé ìwòran tó gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ẹ lè fi ojú inú wo iye àwọn tó ń gbé e kiri láìmọ̀.

Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ eré ńlá Sípéènì, nígbà mìíràn agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí wa àti tiwọn dọ́gba nígbà òtútù wọn, nígbà ooru wọn, tiwọn á fi wákàtí kan ṣáájú. Bàbá tó ti ibi iṣẹ́ lọ tààrà sí ilé ìwòran kò tíì jẹun, kò tíì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tó yẹ kó lò ní agogo méje, ó sì ti ra ọtí. Ohun mẹ́ta tí ọkàn kò fẹ́ ló kó bọ̀ síwájú ohun kẹrin. Ẹ lo oògùn yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má fi ohun mímu agbára inú agolo lé e. Bí àyà bá ń fún yín bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé, tí ó ń ràn lọ sí apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù ń bo yín, ẹ má dúró de ìparí ìlàjì kejì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, ní ọgbà ní Àkúrẹ́, ó sì ní òmíràn ní Oǹdó, ìyàrá pàjáwìrì ló sì yẹ kí ẹ lọ tààrà.

Bí ẹnìkan bá ṣubú tí kò dáhùn, tí kò sì mí bó ṣe yẹ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Ẹ kó àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí àwọn tó kù wá ọkọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sí i lójú, kí wọ́n má sì ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Yàrá àti ẹnu ọ̀nà

Ní Pamplona, ìlú ẹgbẹ́ Osasuna, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń fún ara wọn sí gbàgede kan ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ọdún San Fermín. Àwọn onímọ̀ físíìsì ya fídíò wọn láti òkè fún ọdún mélòó kan, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kejì ọdún 2025. Bí èrò bá ti lé ní bí ènìyàn mẹ́rin sí ìwọ̀n mítà kan níbùú-lóròó, èrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírípo fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó ń tì í. Yíyí kan gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 18. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè dúró, kò sì lè lọ síbi tó fẹ́.

Ilé ìwòran wa kì í tóbi tó gbàgede Pamplona, àmọ́ ènìyàn mẹ́rin ní mítà kan kì í jìnnà sí wọn ní alẹ́ eré ńlá. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn ní, ẹni tó ń gba owó sì ti fi bẹ́ǹṣì dí ìdajì rẹ̀. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó ń ṣe òwò yìí ní Adémúlẹ́gùn ní Oǹdó tàbí níbikíbi: ẹ ṣí ẹnu ọ̀nà kejì. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, nítorí gáàsì tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ní ìlọ́po tó ju 200 lọ ju bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì má kọ́ ilé ìwòran sábẹ́ wáyà ńlá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, wáyà iná já lé ilé ìwòran kan lórí ní Calabar níbi tí wọ́n ti ń wo Manchester United, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kú.

Wilfred

Agbára èrò kì í fìgbà gbogbo jẹ́ rere. Wilfred Agbonavbare, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Èkó, ló ṣọ́ gólì fún Rayo Vallecano láti ọdún 1990 dé 1996. Ẹgbẹ́ kékeré ni Rayo, ní Vallecas, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Madrid. Nígbà tí Wilfred lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bernabéu, èrò bú àwọ̀ ara rẹ̀ ní gbangba, kódà lójú kámẹ́rà, ẹ̀rín ni àwọn kan nínú wọn sì ń rín. Ó ṣọ́ gólì rẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó ṣiṣẹ́ ẹrù gbígbé ní pápákọ̀ òfuurufú Madrid, àrùn jẹjẹrẹ sì pa á ní oṣù Kínní ọdún 2015, ní ẹni ọdún 48. Àwọn ará Vallecas kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà pápá wọn, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé lọ kọrin.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Vinícius Júnior, agbábọ́ọ̀lù Real Madrid, ní Mestalla. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ fún mẹ́ta nínú àwọn tó bú u, ìdájọ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Sípéènì. Ó ti yẹ kó ṣẹlẹ̀ nígbà ayé Wilfred. Ọkùnrin tó ń sọ ohun burúkú láàárín èrò kì í sábà sọ ọ́ bó bá dá wà, nítorí èrò ń jẹ́ kó dà bí ẹni pé gbogbo ayé gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èébú ẹ̀yà àti èébú abirùn tó ń fò nínú ilé ìwòran tiwa, ibi kan náà ló ti ń jáde.

Rẹfirí ní etí

Ó ku rẹfirí. Lọ́dún 2005, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Luis Garicano, Ignacio Palacios-Huerta àti Canice Prendergast, gbé ìwádìí jáde lórí àkókò tí àwọn rẹfirí líìgì Sípéènì ń fi kún eré. Bí onílé bá ń fi góòlù kan pàdánù, rẹfirí ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kún un. Bí onílé bá ń fi góòlù kan borí, ìṣẹ́jú méjì péré ni. Kò sí ẹni tó fún un ní owó. Ohùn tó yí i ká ló wọ̀ ọ́ lára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti fi fídíò eré Liverpool àti Leicester han 40 rẹfirí. Àwọn tó gbọ́ ariwo èrò fi ìdá 15.5 nínú ọgọ́rùn-ún dín fáùlù tí wọ́n fọn fèrè fún lòdì sí onílé kù, ju àwọn tó wò ó láìsí ohùn.

Nígbà tí Kòrónà lé òǹwòran kúrò, líìgì Sípéènì bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2020 pẹ̀lú Sevilla àti Betis, nínú pápá tó ṣófo. Tẹlifíṣọ̀n fi ariwo tí wọ́n kó láti inú géèmù kọ̀ǹpútà sí i fún àwa tí a ń wò ó nílé, àmọ́ rẹfirí kò gbọ́ ọ. Káàkiri Yúróòpù ní sáà yẹn, àwọn onímọ̀ rí i pé káàdì tí rẹfirí ń fún àlejò dín kù, àǹfààní onílé náà sì dín kù.

Èyí ni mo fi ń ronú lórí Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Lọ́dún 2012, ẹgbẹ́ yìí dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn akọni Áfíríkà, ibi gíga tí kò wọ́pọ̀ fún ẹgbẹ́ ìlú wa. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Eré àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ tilé, kò wáyé ní Àkúrẹ́. Pápá Dipo Dina ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a, ìrìn wákàtí mélòó kan sí ìlú. Ó parí sí 3-3. Ní Cairo, Al Ahly fi 1-0 borí.

N kò ní sọ pé ariwo Ọ̀jà Ọba Àkúrẹ́ ì bá yí 3-3 yẹn padà, kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìwádìí àwọn rẹfirí ń sọ fún wa, àǹfààní onílé ni ẹgbẹ́ tó ń fi pápá àlejò ṣe ilé ń pàdánù. Àwọn ará Bilbao kò ní fara mọ́ ọn kí San Mamés ṣófo kí àwọn ọmọ wọn sì lọ gbàlejò ní ìlú mìíràn. Owó tí wọ́n ń san fún tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú pápá náà, ọwọ́ ìjọba ìlú wọn sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá lè kún ilé ìwòran fọ́fọ́ ní alẹ́ Sátidé nítorí Madrid, ohùn tó pọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó láti gbé ẹgbẹ́ tiwa ró, tọkùnrin wọn àti tobìnrin wọn, Sunshine Queens. Pápá tó dára, iná tó ń tàn, àti ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ eré ló ṣẹ́kù, iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni.

Nínú ẹgbẹ́ ọdún 2012 yẹn ni Godfrey Oboabona wà, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ó wọ aṣọ Nàìjíríà ní Soccer City, pápá kan náà tí Sípéènì ti gba ife àgbáyé. Wọ́n fi góòlù Sunday Mba na Burkina Faso, wọ́n sì gba ife Áfíríkà. Sunshine Stars ló ṣì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà. Gbogbo ilé ìwòran Àkúrẹ́ ló kún láti pariwo fún un.